Bàbà àti àlùmíníọ̀mù lábẹ́ ooru: ìtàn ìsopọ̀ kan tí iná ń mú le, tí iná tún ń tú

Ẹni tó bá gbójú sókè wo òpó iná níwájú ilé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́ yóò rí ibi tí okùn iná tó ń bọ̀ láti òpó ti pàdé èyí tó wọ inú ilé lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlùmíníọ̀mù ni ti òpó, bàbà sì ni ti inú ògiri. Oníná tó mọṣẹ́ kì í kàn lọ́ àwọn méjèèjì mọ́ra wọn. Ó máa ń fi ohun kékeré kan sáàárín, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ àlùmíníọ̀mù, tí ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ bàbà, tí wọ́n ti jó pọ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Àwọn oníná wa tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè é ní cosse bimétal. Ojú ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ohun kékeré yìí ti lẹ̀ mọ́ra ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ iná ló kọ́kọ́ fi ọ̀kan tó ti bàjẹ́ hàn mí. Ara rẹ̀ ti dúdú. Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó pín sí méjì, gẹ́lẹ́ ní ojú ibi tí bàbà àti àlùmíníọ̀mù ti pàdé, bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Kò sí ibi tó yọ́ lára rẹ̀. Mo ní, “Bàbá kékeré, ṣé kì í ṣe pé wọn ò jó o dáadáa ni?” Wọ́n ní rárá, ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lára ilé yẹn kí onílé tó ránṣẹ́ pe àwọn. “Ooru ló tú u. Bí o bá bi mí pé báwo, èmi ò mọ̀. Ìwọ lo lọ sí yunifásítì.”

Ìbéèrè wọn le ju bó ṣe rí lọ. Àlùmíníọ̀mù kì í yọ́ títí ìgbóná yóò fi dé 660°C, bàbà kì í yọ́ títí yóò fi dé 1085°C. Rọ́bà tó bo okùn iná a ti jóná tipẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn tó yọ́. Nítorí náà, ooru tó tú ìsopọ̀ náà kì í ṣe ooru tó ń yọ́ irin. (Irin ni mo ń pe gbogbo irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ bàbà, fàdákà tàbí sìǹkì.) Ohun tó tún ṣòro níbẹ̀ ni pé, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, inú ààrò ni wọ́n ń gbé bàbà àti àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ti tẹ̀ pọ̀ sí, kí ìsopọ̀ wọn lè le sí i. Ooru yìí kan náà ló ń so, òun náà ló ń tú. Àwọn ìwé tó sọ ìtàn irin sábà máa ń to àwọn àwárí tẹ̀ lé ara wọn bíi pé ìmọ̀ ló ń ti ìmọ̀ síwájú. Ní ti ìsopọ̀ yìí, mo rò pé owó bàbà ló ń tì í, ìmọ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ilé ti jó.

Kí á kọ́kọ́ wo ìsopọ̀ tí ooru kò bá ṣọ̀tá. Ní nǹkan bí ọdún 1743, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Boulsover, ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ, rí i pé bí a bá gbé awẹ́ fàdákà lé orí bàbà tí a sì mú wọn gbóná, wọn yóò lẹ̀ mọ́ra títí láé. Bí a bá fi ẹ̀rọ tẹ àpapọ̀ náà fẹ̀, fàdákà àti bàbà yóò máa fẹ̀ pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni àwo, ìkòkò tíì àti ọ̀pá àbẹ́là olówó pọ́ọ́kú ti jáde fún àwọn tí kò lè ra ojúlówó fàdákà. Boulsover kò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Ìdí náà ni pé fàdákà àti bàbà kì í bí ọmọ. Bí a bá yọ́ wọn pọ̀ tí wọ́n sì tutù, fàdákà yóò wà ní tirẹ̀, bàbà yóò wà ní tirẹ̀, wọ́n kàn fara kan ara wọn ni. Kò sí ohun kẹta tó jáde láàárín wọn.

Bàbà àti àlùmíníọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń bímọ, ọmọ wọn kò sì jọ bàbá, kò jọ ìyá.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó lè ronú láti so wọ́n pọ̀, àlùmíníọ̀mù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ohun tí owó ká. Ní ọdún 1854 ni Henri Sainte-Claire Deville ní Paris rí ọ̀nà tí a lè gbà yọ ọ́ jáde ju ti ilé àyẹ̀wò lásán lọ. Ní ọdún 1855 wọ́n pàtẹ rẹ̀ níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní Paris gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́. Ta ni yóò fi irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣe okùn? Ọdún 1886 ló yí i padà. Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé àti Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà, láìmọ ara wọn, rí ọ̀nà kan náà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ lára ohun tó dì í mú. Ọdún kan náà, 1863, ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọdún kan náà, 1914, ni wọ́n sì kú. Olùkọ́ wa ní lycée fẹ́ràn láti máa sọ èyí fún wa, ṣùgbọ́n Héroult nìkan ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́. Láti ìgbà náà ni àlùmíníọ̀mù ti ń wọ́lẹ̀. Okùn àlùmíníọ̀mù kò gbé iná tó ti bàbà bí wọ́n bá nípọn dọ́gba: ó tó ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti bàbà. Fún okùn tó rọ̀ láti òpó dé òpó, fífúyẹ́ yẹn ṣe pàtàkì. Báyìí ni àlùmíníọ̀mù gba ojú ọ̀run, tí bàbà dúró sínú ilé. Ibi tí wọ́n ti pàdé di dandan.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ bí ooru bá dé? Irin le lójú wa, ṣùgbọ́n àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò jókòó sójú kan. Bí ìgbóná bá ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń fò láti àyè kan sí òmíràn. Bí bàbà bá fara kan àlùmíníọ̀mù láìsí ìdọ̀tí láàárín wọn, átọ́ọ̀mù bàbà díẹ̀ yóò ṣí wọ inú àlùmíníọ̀mù, ti àlùmíníọ̀mù yóò ṣí wọ inú bàbà. Èyí dára ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kàn fara kàn ara wọn tẹ́lẹ̀ yóò wá di ibi tí wọ́n ti dì mọ́ra. Ó dà bí ìgbà tí a bá hun etí ẹní méjì mọ́ra dípò kí á kàn tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọnú ara wọn, iye wọn yóò dé ibi tí wọ́n ti ń tò ní ọ̀nà tuntun. Ní ẹ̀gbẹ́ àlùmíníọ̀mù, átọ́ọ̀mù bàbà kan yóò mú méjì ti àlùmíníọ̀mù: CuAl₂ nìyẹn. Ní ẹ̀gbẹ́ bàbà, mẹ́sàn-án yóò mú mẹ́rin: Cu₉Al₄. Láàárín wọn, ọ̀kan sí ọ̀kan: CuAl. Ìwé Faransé ń pè wọ́n ní composés intermétalliques. Ọmọ ni èmi yóò máa pè wọ́n níhìn-ín. Àwọn ọmọ yìí le ju òbí wọn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n líle wọn jẹ́ ti àwo tánganran. A lè tẹ bàbà, a lè tẹ àlùmíníọ̀mù, wọn yóò tẹ̀. Ọmọ wọn kì í tẹ̀. Fífọ́ ló mọ̀. Bí ìpele wọn bá tín-ín-rín gan-an, àwọn òbí tó rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á gbà á dúró. Bí ó bá nípọn, ẹyọ ìlà kan tó bá là nínú rẹ̀ yóò sáré láti etí dé etí.

Ooru tún ń ṣe ohun mìíràn. Fún ìwọ̀n ìgbóná kan náà, àlùmíníọ̀mù ń fẹ̀ ju bàbà lọ. Fún gígùn mítà kan, bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan lé sí i, àlùmíníọ̀mù yóò fi nǹkan bíi míkírọ̀mítà mẹ́tàlélógún gùn sí i, bàbà yóò fi mẹ́tàdínlógún. (Míkírọ̀mítà ẹgbẹ̀rún ló wà nínú mìlímítà kan.) Nítorí náà, ní gbogbo alẹ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, tí ibi ìsopọ̀ gbóná, tó sì tún tutù ní àárọ̀, ọ̀kan ń fa èkejì. Ìpele àwo tánganran ló wà láàárín àwọn méjì tó ń fa ara wọn yìí.

Ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ méjì wọ̀nyẹn, a lè kọ ọ́ ní wákàtí kan lónìí. Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n gba ọ̀pọ̀ ọdún, apá kan rẹ̀ sì gba ìjà. Títí di àwọn ọdún 1940, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bí irin méjì bá ń wọnú ara wọn, ńṣe ni átọ́ọ̀mù wọn ń pààrọ̀ àyè lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde, ìwọ̀n kan náà. Ernest Kirkendall, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Wayne ní Detroit, kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Smigelskas mú búlọ́ọ̀kù idẹ kan, ìyẹn bàbà àti sìǹkì, wọ́n fi wáyà molybdenum tín-ín-rín tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n wá fi bàbà bo gbogbo rẹ̀. Molybdenum kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àmì lásán ni, bí ìgbà tí a bá ri èèkàn mọ́ ààlà oko. Wọ́n gbé e sínú ààrò ní 785°C, wọ́n sì ń wọn àyè tó wà láàárín wáyà ẹ̀gbẹ́ kan àti ti èkejì. Bí átọ́ọ̀mù bá ń pààrọ̀ lọ́gbọọgba, èèkàn kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ó kúrò. Àwọn wáyà náà ń sún mọ́ ara wọn lójoojúmọ́, nítorí pé sìǹkì ń jáde kúrò nínú idẹ kíákíá ju bí bàbà ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ.

Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1947. Robert Mehl, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ irin ní Pittsburgh, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà náà, kò gbà á gbọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé àyẹ̀wò Mehl fúnra rẹ̀ tún un ṣe pẹ̀lú oríṣiríṣi irin, ó sì rí ohun kan náà. Nígbà yẹn Kirkendall ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ti di akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìwakùsà àti irin. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pe àbájáde náà títí dòní. Mi ò mọ bóyá ìyẹn tó láti san án fún un.

Kí ló kan bàbà àti àlùmíníọ̀mù? Bí ọ̀kan bá ń yára jáde ju bí èkejì ṣe ń wọlé, àyè òfìfo yóò máa ṣẹ́kù lẹ́yìn. Àwọn òfìfo yìí á kóra jọ, wọ́n á di ihò kéékèèké ní ojú ìsopọ̀. Nítorí náà, ìsopọ̀ tó ti pẹ́ nínú ooru ní ìṣòro méjì pọ̀: ìpele tó ń fọ́ bí àwo, àti ihò tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi ti ìwé òǹtẹ̀ tí wọ́n ti lu kó lè rọrùn láti fà ya. Ìdí nìyẹn tí ti àbúrò bàbá mi fi là gẹ́lẹ́ ní ojú ibi tó yẹ kó le jù.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo èyí. CuAl₂ tí a ń sọ pé ó ń ba ìsopọ̀ jẹ́ yìí, ìbátan rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ òfuurufú sókè. Ní 1906, Alfred Wilm ní ilẹ̀ Jámánì po bàbà nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àti màgnẹ́síọ̀mù díẹ̀ mọ́ àlùmíníọ̀mù, ó mú un gbóná, ó rì í sómi, ó sì wọn líle rẹ̀. Nígbà tó tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Duralumin nìyẹn. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ní 1938 ni André Guinier ní Paris àti George Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, fi ìtànṣán X rí i pé átọ́ọ̀mù bàbà ń kóra jọ ní ẹyọ kéékèèké káàkiri inú àlùmíníọ̀mù. Bí wọ́n bá tàn ká wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fún un lágbára. Bí wọ́n bá tò sójú kan bí ògiri, wọ́n ń pa á.

Ní àwọn ọdún 1960, owó bàbà gbéra. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ń gba bàbà, ọjà kò sì dúró sójú kan. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1965 títí di 1973, àwọn kọ́lékọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn àlùmíníọ̀mù sínú ògiri ilé dípò bàbà. Ilé bíi mílíọ̀nù méjì ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ohun tí wọn kò pààrọ̀ ni ojú ibi tí a ń ki plọ́ọ̀gì bọ̀, pẹ̀lú ìdè rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe fún bàbà. Ní 1974 ilé kan jó ní Hampton Bays ní ìpínlẹ̀ New York, ẹni méjì kú, wọ́n sì tọpa iná náà dé ibi ìsopọ̀ okùn àlùmíníọ̀mù. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò àwọn oníbàárà dá sí i. Ìwádìí tí wọ́n gbé lé ilé ìwádìí Franklin lọ́wọ́ wá sọ pé ilé tí wọ́n fi àlùmíníọ̀mù ṣe iná rẹ̀ ṣáájú 1972 fi ìlọ́po márùndínlọ́gọ́ta sún mọ́ kí ìsopọ̀ kan ó kéré tán nínú rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n tó lè dáná ju ilé tí wọ́n fi bàbà ṣe lọ.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé àlùmíníọ̀mù kò dára. Mi ò gbà. Okùn àlùmíníọ̀mù fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ibi tó ti pàdé irin mìíràn ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ìsopọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí mo ti ń ṣàlàyé bọ̀. Nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn, ìdè ló fún wọn mọ́ra, wọn kò jó pọ̀. Awọ ìpẹtà tín-ín-rín tó ń bo àlùmíníọ̀mù nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án wà láàárín wọn, àlùmíníọ̀mù ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìdè, ìdè ń dẹ̀, ooru ń pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí á má kàn fún wọn mọ́ra, kí á lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè dé àárín wọn mọ́. Bí wọ́n ṣe sá fún ìṣòro kìíní nìyẹn tí wọ́n fi pàdé èkejì.

Ilé iṣẹ́ Texas Instruments ní Attleboro, ìpínlẹ̀ Massachusetts, wà lára àwọn tó gbé okùn kan jáde tí inú rẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ̀mù tí ara rẹ̀ sì jẹ́ bàbà. Bí bàbà bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àyè rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ nínú okùn náà yóò tó ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ooru ti wọ̀ ọ́. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú méjèèjì kí ìdọ̀tí àti ìpẹtà lè kúrò. Lójú ẹsẹ̀ wọ́n á kì wọ́n sáàárín rólà méjì tó lágbára, wọn á tẹ̀ wọ́n débi pé nínípọn wọn á dín sí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí irin ṣe ń fẹ̀, awọ ìpẹtà tó bá ṣẹ́kù kò lè bá a fẹ̀, ó ń ya. Àlùmíníọ̀mù mímọ́ àti bàbà mímọ́ á gba ojú yíya náà jáde, wọ́n á kan ara wọn. Wọ́n ti lẹ̀ láìsí iná.

Ṣùgbọ́n títẹ̀ yẹn ti mú kí wọ́n gan. Okùn tó bá gan kò ṣeé fà, kò ṣeé tẹ̀ yí igun ògiri ká. Ó di dandan kí wọ́n gbé e sínú ààrò kó lè rọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn lórí okùn tín-ín-rín. Ní nǹkan bí 250 sí 350°C fún àkókò kúkúrú, ìsopọ̀ ń le sí i: ìfúnpá tó wà nínú irin ń lọ sílẹ̀, átọ́ọ̀mù ń hun etí méjèèjì pọ̀, ọmọ tó jáde kò tíì nípọn. Bí ó bá ju 400°C lọ, tàbí bí ó bá pẹ́ jù kódà ní ìgbóná tó kéré sí i, agbára tí yóò fà wọ́n ya bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Bí ó bá dé 548°C, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé yóò yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tí ìgbà yíyọ́ rẹ̀ tíì tó. Ẹni tó ń ṣọ́ ààrò kò gbọdọ̀ sùn.

Ọ̀nà mìíràn wà tó yani lẹ́nu ju ti rólà lọ: wọ́n á tẹ́ ohun abúgbàù sórí awẹ́ irin kan, yóò sì gbá a mọ́ èkejì ní ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan. Ní 1964 ni wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ DuPont ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àkókò kúrú débi pé ọmọ kò ráyè nípọn, àyàfi ní àwọn ibi tí irin ti yọ́ díẹ̀ láàárín ìgbì tó wà lójú ìsopọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá lo ohun tí wọ́n fi ọ̀nà yìí ṣe níbi tó gbóná, ooru yóò bá a lẹ́yìn náà bó ṣe ń bá ti rólà.

Báwo ni nínípọn ṣe lè pọ̀ tó kí ìsopọ̀ tó bàjẹ́? Ní 1994, Braunović, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Hydro-Québec ní Kánádà, àti Aleksandrov tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èyí. Wọ́n rí i pé bí ìpele àwọn ọmọ bá ti ju nǹkan bíi míkírọ̀mítà méjì lọ, ìsopọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára rẹ̀. Méjì péré! Wọ́n tún rí i pé iná mànàmáná tó ń gba ibẹ̀ kọjá ń mú kí ìpele náà yára dàgbà ju bí ooru nìkan ṣe lè mú un lọ. Àwọn ọmọ yìí kì í gbé iná dáadáa bí òbí wọn. Bí wọ́n bá nípọn, ibẹ̀ ń gbóná sí i. Bó bá gbóná sí i, wọ́n ń nípọn sí i. Ohun kan ló ṣàánú wa: ìpele náà kì í dàgbà ní ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́. Bí ó bá gba ọdún kan láti dé míkírọ̀mítà kan ní ìgbóná kan, yóò gba ọdún mẹ́rin láti dé méjì, nítorí pé bó ṣe ń nípọn ni ọ̀nà tí átọ́ọ̀mù ń rìn ń gùn. Bí ìgbóná bá lọ sókè, ìṣirò yẹn á yí padà pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Wọ́n ṣí ìsédò Akosombo ní Gánà ní oṣù kìíní ọdún 1966, apá tó pọ̀ nínú iná rẹ̀ ni wọ́n sì pinnu fún yíyọ àlùmíníọ̀mù ní ilé iṣẹ́ VALCO ní Tema, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967. Ní 1968 ni Tógò àti Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, dá Communauté Électrique du Bénin sílẹ̀, láti 1972 sì ni iná Akosombo ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Omi tó ń yọ àlùmíníọ̀mù ní Tema ni omi tó ń tan iná ní Lomé àti Kutọnu, orí okùn àlùmíníọ̀mù ló sì ń gbà wá. Ní gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé tó bá dé, ó gbọ́dọ̀ bá bàbà pàdé. Mi ò tíì rí ìwé ìtàn iná ní agbègbè wa tó sọ̀rọ̀ nípa ibi ìpàdé yẹn. Wọ́n ń ka òpó, wọ́n ń ka ìdílé tí iná dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìsopọ̀ kì í sí nínú ìkà wọn.

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí òpó. Nínú bátìrì àwọn alùpùpù oníná tí a ń rí báyìí ní Kutọnu àti Lomé, awẹ́ àlùmíníọ̀mù ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, awẹ́ bàbà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹni tó bá sì fẹ́ so bátìrì kan mọ́ òmíràn ní láti so bàbà mọ́ àlùmíníọ̀mù níbì kan. Nínú ọjà pẹ̀lú, okùn àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò wà, tí àwọn kan ń tà gẹ́gẹ́ bí ojúlówó bàbà. Okùn náà kò burú bí a bá mọ ohun tó jẹ́, tí a sì fún un ní nínípọn tó yẹ. Bí a bá lò ó bíi bàbà, yóò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ooru yẹn gan-an ni ọ̀tá awọ bàbà tó wà lára rẹ̀. Àbúrò bàbá mi kì í ra okùn láì fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, wọ́n á bi ontajà léèrè iye tó fẹ́ gbà fún àlùmíníọ̀mù.

Nígbà tí mo padà lọ ṣàlàyé fún wọn, mo ya àwọn ìpele náà síwájú wọn lórí ìwé: bàbà, ọmọ mẹ́ta, àlùmíníọ̀mù, ihò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní tuntun tí àwọn fi rọ́pò rẹ̀ lára ilé yẹn ńkọ́, ọdún mélòó ni yóò lò? Mo ní ó kù sọ́wọ́ bó bá ṣe gbóná sí. Wọ́n ní onílé ti ra ẹ̀rọ amúlétutù kejì. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní lo mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà lọ síbẹ̀, wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, wọn kò sì gba owó iṣẹ́.